Kọ̀ǹpútà Lẹ́yìn, Kẹ̀kẹ́ Nísàlẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Àpò Àgbékọ́

Ní ọdún 1993, nílùú Zürich ní orílẹ̀-èdè Switzerland, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Markus àti Daniel Freitag, ń wá àpò tí wọn yóò máa kó iṣẹ́ wọn sí. Iṣẹ́ ọnà yíyà ni wọ́n ń ṣe, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn kiri ìgboro, òjò kì í sì í jẹ́ kí ìwé inú àpò wọn gbẹ. Fèrèsé ilé wọn kọjú sí títì ńlá kan tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá láìdáwọ́ dúró, tapólì aláwọ̀ mèremère ni àwọn awakọ̀ náà sì fi ń bo ẹrù. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Wọ́n wá ògbólógbòó tapólì kan, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gé e, wọ́n fi bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ ṣe okùn rẹ̀, wọ́n sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ gbá etí rẹ̀ yí ká. Irú àpò náà ti wà nínú ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York báyìí.

Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ rán irú àpò àgbékọ́ olókùn kan bẹ́ẹ̀. Ṣáájú wọn, ilé iṣẹ́ De Martini ní New York ti ń rán èyí tí wọ́n fi kánfáàsì ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó tẹlifóònù láti tún wáyà ṣe. Ẹni tó wà lókè òpó ń fẹ́ àpò tí yóò dúró sí i lára, tí ọwọ́ kan yóò sì lè wọ̀ láti mú irinṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ nínú ìlú náà rí i pé ó bá iṣẹ́ tiwọn mu. Ní San Francisco, Rob Honeycutt, tí òun náà ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í rán tirẹ̀ ní 1989, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì di ilé iṣẹ́ Timbuk2.

Ẹ wo bí òjíṣẹ́ orí kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣe. Ó dé iwájú ilé kan, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti fa àpò láti ẹ̀yìn wá síwájú àyà, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó yọ lẹ́tà, ó dá àpò padà sẹ́yìn, ó tún ti gbéra. Àìmọye ìgbà ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí okùn àpò náà fi jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó ń ti èjìká kan gba àyà kọjá sí abẹ́ apá kejì. Lẹ́tà àti ìwé ni àwọn òjíṣẹ́ ń kó sínú rẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ọ́fíìsì kì í ṣí àpò rẹ̀ lójú ọ̀nà rárá; ohun tó gbé láàárọ̀ náà ni yóò gbé délé, ó sì wúwo ju lẹ́tà lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú àpò yìí gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó náwó, torí pé àpò náà máa ń wu ojú, ẹni tó ń tà á kò sì ní sọ ohun tí kò lè ṣe.

Bí ọ̀nà bá jìn, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ nìkan lèèyàn ń gùn débẹ̀, tí ẹrù sì ju kílò 4 lọ, àpò ẹ̀yìn olókùn méjì sàn ju àpò àgbékọ́ lọ. Àpò tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ kárìà kẹ̀kẹ́ tún sàn ju méjèèjì, nítorí kẹ̀kẹ́ ló ń ru ẹrù, ẹ̀yìn ẹni kò sì ní rin fún òógùn. Ìrìn àjò alápá púpọ̀ ni àpò àgbékọ́ ti ń yege: kẹ̀kẹ́ díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin díẹ̀, ẹsẹ̀ díẹ̀, kí èèyàn máa yọ fóònù, káàdì ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ lójú ọ̀nà.

Ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní London. Ẹni tó ń gbé ní Peckham lè gun kẹ̀kẹ́ Brompton, tó ṣeé ká, dé ibùdókọ̀ ojú irin, kó ká a, kó sì gbé e wọlé. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ká, wọ́n ń gbà á nínú ọkọ̀ ojú irin ìlú náà nígbàkigbà. Èyí tí kò ṣeé ká ní àkókò àti ibi tí wọn kì í gbà á. Andrew Ritchie ló ṣe kẹ̀kẹ́ Brompton láàárín ọdún 1975 sí 1976, nínú iyàrá rẹ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Brompton Oratory, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Lára irin iwájú rẹ̀ ni ibi kan wà tí àpò ń há sí. Ara férémù ni ibi náà wà, kò sí lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí náà àpò kì í bá ọwọ́ yí nígbà tí wọ́n bá ń kọrí sí ìyànà. Àwọn àpò kan wà tí wọ́n ń há síbẹ̀, tí wọ́n sì tún ní okùn èjìká: èèyàn á há a sí kẹ̀kẹ́, yóò yọ ọ́ ní ibùdókọ̀, yóò sì gbé e kọ́ra. Fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ yìí, kò sí ìdí tí yóò fi máa fi èjìká ru kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí kò ní i, èjìká náà ni yóò lò, ohun tó sì gbọ́dọ̀ wò ṣáájú ohun gbogbo ni okùn. Tí èèyàn bá tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrù tó wà lórí rẹ̀ yóò sì máa wá ibi tó rẹlẹ̀. Àpò á yọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ́ sí ìhà, láti ìhà bọ́ síwájú, yóò sì wá máa gbá orúnkún tó ń tẹ pẹ́dà. Ibi tó ti léwu jù ni ìyànà, tàbí ìgbà tí ẹni tó ń gùn ún bá bojú wẹ̀yìn wo mọ́tò tó ń bọ̀: kílò 3 tó ṣàdédé sún sápá kan lè yí kẹ̀kẹ́ sọ́wọ́ ọkọ̀. Ohun tí àwọn òjíṣẹ́ fi ṣẹ́gun rẹ̀ ni okùn tín-ín-rín kejì, tó ń ti igun ìsàlẹ̀ àpò gba abẹ́ abíyá wá pàdé okùn ńlá níwájú àyà. Tí wọ́n bá ti de é, àpò kò ní yẹsẹ̀. Àpò tí kò bá ní okùn kejì yìí, kò yẹ lórí kẹ̀kẹ́, iye yòówù kí wọ́n máa tà á.

Okùn ńlá fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kó sì ní fóòmù níbi tó bá èjìká. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á máa gé èèyàn lára. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣeé fà pọ̀, kó ṣeé dẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ kan. Lórí kẹ̀kẹ́, òkè ẹ̀yìn ni àpò ń wà, kó fara mọ́ ara tímọ́tímọ́. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹ́ kó sọ̀ dé ìbàdí. Ilé iṣẹ́ Chrome, tó bẹ̀rẹ̀ ní Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado ní 1995, fi ìdè bẹ́líìtì ọkọ̀ sí okùn tirẹ̀, tó jẹ́ pé títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń tú u. Kí ẹni tó ń rà á tún yẹ ibi tí okùn gbà wò: wọ́n rán àwọn kan fún èjìká òsì nìkan. Ẹni tí èjìká rẹ̀ ń dùn, tó sì fẹ́ máa pààrọ̀ ìhà lójoojúmọ́, kò ní lè lo irú wọn.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Íǹṣì tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń wọ̀n, láti igun kan dé igun kejì tó dojú kọ ọ́. Kò sọ bí ara rẹ̀ ti fẹ̀ tó tàbí bó ti nípọn tó. Láptọ́ọ̀pù méjì tí wọ́n jọ ń pè ní íǹṣì 15.6 lè jẹ́ pé ọ̀kan ni yóò wọ àpò, tí èkejì yóò há sẹ́nu síìpù. MacBook Air oní-íǹṣì 13 tó jáde ní 2022 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30.4, ó ga ní 21.5, ó sì wúwo ní kílò 1.24. Bẹ́ẹ̀ láptọ́ọ̀pù mìíràn tó ti pẹ́ díẹ̀ lè ju kílò 2 lọ kí wọ́n tó fi ṣájà rẹ̀ kún un. Kí èèyàn fi tépù wọn tirẹ̀ nílé, tàbí kó kúkú gbé e lọ sọ́jà, kó sì kì í bọ àpò níṣojú ẹni tó ń tà á.

Tó bá ti wọlé, kó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, kó fi ìka wá etí kọ̀ǹpútà. Bí etí náà bá kan ilẹ̀ àpò, kí ó dá a padà fún wọn. Igun ni ibi tí láptọ́ọ̀pù ti máa ń fọ́, ọjọ́ tí àárẹ̀ bá mú ẹni tó gbé e tó sì sọ àpò kalẹ̀ gbì lórí símẹ́ńtì ló sì ń ṣẹlẹ̀. Nínú àpò tó dára, ilé kọ̀ǹpútà máa ń so rọ̀ sókè, ó fi bí ìka méjì jìnnà sí ilẹ̀ àpò, fóòmù sì wà nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣájà àti ìgò omi kò gbọ́dọ̀ bá a gbé ilé kan náà. Àgádágodo kẹ̀kẹ́, ara férémù ni kó wà. Irin tó ju kílò 1 lọ lórí eegun ẹ̀yìn kì í ṣe ohun tí èèyàn fẹ́ ṣubú lé.

Ọ̀rọ̀ òjò ló gba àlàyé jù. Ọdún méjìlá kí àwọn Freitag tó gé tapólì tiwọn, ọmọ Jámánì kan, Hartmut Ortlieb, ń gun kẹ̀kẹ́ kiri gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1981 ni. Òjò pa ẹrù rẹ̀ títí, ó wá rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹrù rẹ̀ gbẹ táútáú lábẹ́ tapólì. Ó padà sílé, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ rán àpò kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1982. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ní àléébù tirẹ̀: gbogbo ibi tó bá gún ni omi lè gbà wọlé, aṣọ ìbáà lágbára bí irin. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ooru ni ilé iṣẹ́ náà padà ń lò láti lẹ etí tapólì pọ̀, tí wọ́n sì ń ká ẹnu àpò mọ́lẹ̀ dípò síìpù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára àpò pé omi kì í wọ̀ ọ́, kí èèyàn yí i sódì, kó wo ojú ìránṣọ rẹ̀. Bí kò bá sí ohunkóhun tí wọ́n lẹ̀ bo ojú abẹ́rẹ́ náà, òjò winniwinni ni yóò lè gbà dúró, kì í ṣe àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn bo ẹnu, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ti aṣọ, wọ́n sábà máa ń kọ "Cordura 1000D" sí ọ̀pọ̀ àpò. Ìtumọ̀ nọ́ńbà náà ni pé bí wọ́n bá fa òwú rẹ̀ gùn tó mítà 9,000, yóò wọn gíráàmù 1,000. Èyí tó jẹ́ 500D fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì fúyẹ́ jù ú. Bí òwú aṣọ náà ti nípọn tó ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Ohun tó ń dá omi dúró ni ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nínú, ọ̀dà náà sì máa ń bó bí àpò bá ti ń gbó.

Ní Èkó, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì kò pọ̀, ṣùgbọ́n àpò yìí wúlò níbẹ̀ fún ìdí mìíràn. Láti oṣù kejì ọdún 2020 tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ títì, ẹsẹ̀ ni àwọn kan fi ń rin apá kan ọ̀nà wọn, kí wọ́n tó bọ́ sínú danfo tàbí bọ́ọ̀sì BRT. Nínú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, àpò ẹ̀yìn ń gbá ẹlòmíràn lójú, ẹni tó gbé e kò sì lè rí ọwọ́ tó ń ṣí síìpù rẹ̀. Àpò àgbékọ́ ṣeé fà wá síwájú láìbọ́ ọ, kí ìdérí kọjú sí ikùn, kí wọ́n gbé e lé itan bí àyè ìjókòó bá wà. Aláwọ̀ dúdú tí wọn kò kọ orúkọ kọ̀ǹpútà kankan sí lára dára jù níbẹ̀. Àwọn àpò tí wọ́n fi ń bá láptọ́ọ̀pù tà ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, orúkọ ilé iṣẹ́ ló máa ń wà gàdàgbà níwájú wọn, olè kò sì nílò atọ́nà mọ́.

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ ní London tàbí New York, ó yẹ kó rántí iná ẹ̀yìn. Àpò tó sọ̀ sílẹ̀ lè bo iná pupa tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ àpò tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ ní ihò okùn kékeré níta tí wọ́n lè so iná mìíràn kọ́.

Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n wo síìpù. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́, pàápàá níbi tó ti yí igun. YKK tí wọ́n ń rí lára ọ̀pọ̀ síìpù jẹ́ ilé iṣẹ́ Japan tí Tadao Yoshida dá sílẹ̀ ní 1934, ayédèrú rẹ̀ sì ń bẹ lọ́jà, torí náà kí èèyàn fà á lọ fà á bọ̀ dípò kó gba lẹ́tà náà gbọ́. Kí wọ́n sì wo bí ohun tó bá bàjẹ́ ṣe lè ní àtúnṣe. Àpò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, aránbàtà tó ń gbé àpótí kiri àdúgbò lè tún okùn rẹ̀ rán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ kò fẹ́ abẹ́rẹ́. Bó bá ya, ègé tapólì mìíràn àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń fi dí i. Ìdè oníke máa ń kán bí ilẹ̀kùn mọ́tò bá pa á dé. Níbi tí okùn bá kàn gba inú ìdè kọjá, òmíràn ni wọn yóò kì bọ̀ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti rán ìdè pa mọ́ inú aṣọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ojú ìránṣọ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀.