Ṣé O Mọ Ibi Tí Dísẹ́ẹ̀lì Katakata Ń Lọ?

Ṣé o mọ̀ pé bí katakata bá tú ilẹ̀ hẹ́kítà kan ní jíjìn 20 sẹ̀ǹtímítà, erùpẹ̀ tó máa yí padà tó bíi 2,600 tọ́ọ̀nù? Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un, bíi 130 tọ́ọ̀nù mìíràn ni ẹ́ńjìnnì ń bá jà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn àgbẹ̀ wa pé kí wọ́n má kàn sọ fún awakọ̀ pé "jẹ́ kó jìn dáadáa". Ohun tí ẹ fẹ́ gbìn ni kó sọ bí yóò ṣe jìn tó.

Ṣé o mọ̀ pé oko méjì tó pààlà lè má mu epo bákan náà? Ilẹ̀ amọ̀ le fà ju ilẹ̀ oníyanrìn lọ. Ọjọ́ tí a wọ oko náà ṣe kókó. Gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí abẹ ìtúlẹ̀ máa dé, bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kí o fún un. Bó bá dì mọ́ra bí òkèlè, ó ṣì tutù jù: táyà á máa yọ̀, á sì tẹ ilẹ̀ náà le. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́, wọ oko.

Ṣé o mọ̀ pé táyà lè máa yí kí katakata má rìn tó bó ṣe ń yí? Epo tó ń ṣòfò níbí kò kéré. Fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Gbé abẹ ìtúlẹ̀ sókè, kí táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o wọn ibi tó rìn dé. Sọ abẹ kalẹ̀, kó tún yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50 mítà, tí èkejì jẹ́ 40, ìdá kan nínú márùn-ún ti ṣòfò nìyẹn. Nínú oko, 8 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí táyà kò bá yọ̀ rárá, ìyẹn náà kò dáa: katakata ti wúwo jù, ara rẹ̀ ló ń fi epo gbé.

Ṣé o mọ̀ pé a lè gbin àgbàdo láìtúlẹ̀ rárá? Ní Herndon, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, Harry Young ṣe é lọ́dún 1962 lórí ilẹ̀ tí kò pé éékà kan. Nílẹ̀ tiwa, ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Íńdíà, ṣe ìwádìí láti 1970 títí di 1987. Ó fi hàn lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ pé òjò kì í gbá erùpẹ̀ lọ níbi tí a kò tú, tí a fi pòròpórò bò, bó ṣe ń gbá a lọ níbi tí a tú sílẹ̀ gbalasa. Ó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 2020.

Epo ńkọ́? Títú ilẹ̀ jíjìn sábà máa ń gba lítà 15 sí 25 lórí hẹ́kítà kan, kí a tó fi hárò fọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń gbìn láìtúlẹ̀ sábà máa ń lo bíi lítà 5 sí 7. Àmọ́ owó oògùn apakoríko á kún un, iṣu sì ṣì ń fẹ́ ebè.

Ṣé o mọ̀ pé ariwo ẹ́ńjìnnì kọ́ ni agbára? Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, bíi kí a fi hárò kọjá lórí ilẹ̀ tó ti rọ̀, lo jíà tó ga, kí o dín ìtẹ̀ epo kù. Katakata á rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, epo tó ń jó á sì dín. Bí èéfín dúdú bá ń tú jáde, ẹrù ti pọ̀ jù nìyẹn: padà sí jíà ìsàlẹ̀.