Irinṣẹ́ Tó Mọ Adùn Èso Ewé Eéran

Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ wọ oko kòkó lọ já ewé eéran rí, yálà ní Odò-Ọwá, ní Ìjerò tàbí lọ́nà Àrámọkọ, yóò mọ èso pupa kan tó máa ń so sídìí ewé náà, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ là á, ẹ ó rí kóró dúdú, ohun kan tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ pọ́n ọn lá. Adùn rẹ̀ kì í yára dé, ṣùgbọ́n bó bá dé tán, kì í yára lọ. Omi tí ẹ bá mu lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá yóò máa dùn lẹ́nu yín.

Adùn yẹn kì í ṣe ti ṣúgà. Purotéènì ni, thaumatin lorúkọ rẹ̀, ara orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ewé eéran ni wọ́n sì ti mú un: Thaumatococcus daniellii. Bí a bá gbé òun àti ṣúgà sórí ìwọ̀n, kí wọ́n wúwo dọ́gba, adùn rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 ju ti ṣúgà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti ń fi sí oúnjẹ àti ohun mímu tipẹ́. Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé èyí tí wọ́n ń fi sí i kéré gan-an. Ahọ́n lè sọ pé nǹkan dùn, àmọ́ kò lè sọ iye tó wà níbẹ̀, pàápàá nígbà tí adùn àkọ́kọ́ kò tíì kúrò lórí rẹ̀.

Ní 1994, ìwé àtìgbàdégbà Analyst tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń tẹ̀ ní ìlú ọba gbé iṣẹ́ kan jáde lórí irinṣẹ́ tó lè mọ thaumatin. Orúkọ tó ṣíwájú lára àwọn tó kọ ọ́ ni Ọmọ́wùnmí Sadik. Èkó ni wọ́n bí wọn sí ní 1964. Yunifásítì Èkó ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́míkà gboyè ní 1985, tí wọ́n sì gba oyè kejì ní 1987, kí wọ́n tó lọ sí Yunifásítì Wollongong ní Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti di ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Gordon Wallace. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé adùn tí àwọn ọmọ oko wa ń lá lófẹ̀ẹ́ ni ọmọ Nàìjíríà kan fi dán irinṣẹ́ tuntun wò lókè òkun.

Báwo ni irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Rọ́bà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tí gbogbo wa mọ̀ kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bo wáyà. Ṣùgbọ́n ní 1977, Hideki Shirakawa ará Japan, pẹ̀lú Alan MacDiarmid àti Alan Heeger ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè ṣe irú rọ́bà kan tí iná yóò máa gbà kọjá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2000. Ọ̀kan nínú ìdílé rọ́bà bẹ́ẹ̀ ni polypyrrole, òun sì ni Sadik lò.

Wọ́n ń po pyrrole, ohun tí wọ́n fi ń ṣe polypyrrole, mọ́ omi, wọ́n sì ń fi áńtíbọ́dì sí i. Áńtíbọ́dì ni ohun tí ara ẹranko máa ń ṣe nígbà tí àjèjì bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àjèjì kan ṣoṣo yẹn ló mọ̀, òun nìkan ló sì ń dì mú. Èyí tí wọ́n lò níbí, thaumatin ló mọ̀. Wọ́n á ki irin tín-ín-rín bọ inú omi náà, wọ́n á sì jẹ́ kí iná díẹ̀ gba ibẹ̀. Iná yẹn ló ń mú kí pyrrole máa so mọ́ra wọn, ọ̀kan ń di èkejì mú, títí wọn yóò fi di awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára irin. Ohun tó so mọ́ra wọn báyìí ni à ń pè ní pólímà. Bí awọ náà ṣe ń hù, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé áńtíbọ́dì mì. Awọ kan ṣoṣo ló wá ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń mú ẹran, ó sì ń kígbe pé òun ti mú un, nítorí pé iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò yí padà.

Ìṣòro kan wà ńbẹ̀. Áńtíbọ́dì dà bí àtè ọdẹ: ẹyẹ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kò lọ mọ́. Irinṣẹ́ tí thaumatin bá ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ara rẹ̀ kò lè wọn nǹkan mìíràn. Lójú tèmi, ibi tí Sadik àti Wallace ti yanjú ìṣòro yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Wọn kò jẹ́ kí iná náà dúró lójú kan. Wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, léraléra, kíákíá ju kí ènìyàn ṣẹ́jú lọ. Bí iná bá gòkè, thaumatin á sún mọ́ áńtíbọ́dì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, á tú u sílẹ̀. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ni irinṣẹ́ ń kà. Bí thaumatin bá ṣe pọ̀ tó nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni iye iná tó ń kà yóò ṣe pọ̀ tó, irin kan náà yóò sì tún wọn èyí tó kàn.

Yí áńtíbọ́dì padà, irinṣẹ́ yóò máa wá nǹkan mìíràn. Ọ̀nà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Sadik tẹ̀ síwájú nígbà tí wọ́n dé Yunifásítì Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York ní 1996: irinṣẹ́ tó ń ṣàwárí májèlé inú omi, oògùn olóró àti ohun abúgbàù. Láti 2019 ni wọ́n ti wà ní New Jersey Institute of Technology.

Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́míkà ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, mo bẹ̀ yín: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí pólímà jẹ́, ẹ kọ́kọ́ rán ọ̀kan nínú wọn lọ mú èso ewé eéran wá láti oko. Ẹ jẹ́ kí gbogbo kíláàsì tọ́ ọ wò kí ẹ tó mú ṣọ́ọ̀kì.