Kí ló ń sọ fèrèsé ọkọ̀ òfurufú oníke di funfun lẹ́yìn tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán?

Àwọn tó ń to ọkọ̀ òfurufú kékeré oníke mọ ìbànújẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n ti to ara ọkọ̀ náà, wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà, ọ̀dà sì ti gbẹ. Ó ku fèrèsé iwájú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Wọ́n kán súpà gúlù díẹ̀ sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, fèrèsé náà ti funfun bí ohun tí wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ti bàjẹ́.

Kò sí ibi tí èyí kò ti lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá ju ti ìbòmíràn lọ ní ibi tó bá sún mọ́ omi, irú bíi Port-Bouët ní ìlú Abidjan, tó wà láàárín ọ̀sà Ébrié àti òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Abidjan ṣe ilé, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ Port-Bouët bí ẹni mowó, nítorí ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Félix-Houphouët-Boigny wà. Abidjan náà ni olú ilé iṣẹ́ Air Afrique wà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ èdè Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tó sì kógbá sílé ní ọdún 2002.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ike ṣe ìrántí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Port-Bouët ní láti mọ ohun méjì: irú gọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti irú afẹ́fẹ́ tó yí i ká.

Kí ló dé tí súpà gúlù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Súpà gúlù kì í gbẹ bí àwọn gọ́ọ̀mù mìíràn ṣe ń gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun, fún àpẹẹrẹ, máa ń le nígbà tí omi inú rẹ̀ bá fẹ́ lọ. Ti súpà gúlù yàtọ̀: omi ló ń mú un le. Ọ̀rinrin tín-ín-tín tó wà lára ohun tí a fẹ́ lẹ̀, àti èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́, ló ń mú kí èròjà inú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanoacrylate so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí yóò sì gan láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gan síbi tí wọ́n kán an sí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di èéfín tí ojú kò rí, tó ń ta ojú àti imú. Èéfín yìí a pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a gan, a sì bà lé ohun tó bá wà nítòsí bí ìyẹ̀fun funfun. Lára ọ̀dà funfun, ojú lè má tètè rí i. Lára ike tó mọ́ gaara, kò ṣeé fi pamọ́.

Bí gọ́ọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe lọ́rinrin tó, tí ibẹ̀ bá sì ṣe há tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun náà yóò ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú etíkun bíi Abidjan, Lomé, Kútọnu àti Èkó kò fi dára fún irú iṣẹ́ yìí bíi ti ìlú gbígbẹ lókè ọ̀hún. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè má fi súpà gúlù kan fèrèsé rárá. Ó kàn fi lẹ àga awakọ̀ nínú ọkọ̀ ni, ó sì dé fèrèsé lé e kí èéfín tó jáde tán. Inú ni fèrèsé náà yóò ti funfun, níbi tí ọwọ́ kò lè tó.

Àwọn ọlọ́pàá ti sọ àléébù yìí di irinṣẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣàkíyèsí ní Japan pé èéfín súpà gúlù máa ń lẹ̀ mọ́ òógùn àti òróró tí ìka ènìyàn fi sílẹ̀ lára nǹkan, tí ipa ìka náà yóò sì hàn ní funfun. Ohun kan náà ló ń mú kí ipa ìka ẹni tó di fèrèsé oníke mú hàn lára rẹ̀ ketekete.

Gọ́ọ̀mù tó jáde látinú wíwá fèrèsé

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń wá ike tó mọ́ gaara ló ṣèèṣì rí gọ́ọ̀mù yìí. Ní ọdún 1942, lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, Harry Coover tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì ní ilé iṣẹ́ Eastman Kodak ní Amẹ́ríkà ń wá ike tí wọ́n lè fi ṣe awò tí ọmọ ogun ń gbà wo ibi tí yóò yìnbọn sí. Cyanoacrylate wà lára ohun tí wọ́n dán wò. Gbogbo ohun tó fara kàn ló lẹ̀ mọ́, wọ́n sì pa á tì.

Ní ọdún 1951, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Coover ń darí àwọn tó ń wá ike tí kò ní yọ́ nínú ooru, tí wọ́n lè fi bo orí awakọ̀ ọkọ̀ òfurufú ajagun. Ọ̀kan nínú wọn, Fred Joyner, fi cyanoacrylate sáàárín gíláàsì méjì tó wà lára ẹ̀rọ ìwọnǹkan kan, àwọn gíláàsì náà kò sì ṣeé yà mọ́. Ìgbà yẹn ni Coover rí i pé ohun tí òun ń pè ní àléébù ni ìwúlò rẹ̀. Ó dé ọjà ní ọdún 1958. Coover kú ní ọdún 2011.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n rí níbi tí wọ́n ti ń wá fèrèsé ọkọ̀ òfurufú ni kò yẹ kí a fi lẹ fèrèsé ọkọ̀ òfurufú.

Ṣé gọ́ọ̀mù ike kò lè ṣe é?

Ike tí wọ́n ń pè ní polystyrene ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Heller ti ilẹ̀ Faransé fi ń ṣe irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún un kì í kàn án lẹ̀ lásán. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn, bí àwọn wẹ́dà ṣe ń jó irin méjì pọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀dà ti di ìdènà. Ojú ike kò lè kan ojú ike mọ́, gọ́ọ̀mù yóò sì máa ṣí ọ̀dà dànù. Bí ẹ̀kán kan bá sì ta sí àárín fèrèsé, yóò yọ́ ọ, àpá rẹ̀ kò sì ní kúrò.

Ọ̀nà wo ló dára jù?

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní colle à bois ní èdè Faransé, ló rọrùn jù. Kò ní èéfín tó ń ba ike jẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ó sì máa ń mọ́ gaara bó bá gbẹ. Bí ó bá ta síbi tí kò yẹ, èèlò òwú tútù ti tó láti nù ún kó tó gbẹ.

• Ẹ kọ́kọ́ gbé fèrèsé náà sí àyè rẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó bá a mu.
• Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ má sì fi ìka kan àárín rẹ̀ mọ́.
• Ẹ fi ṣóńṣó igi ìtayín to gọ́ọ̀mù tín-ín-rín sí etí rẹ̀.
• Ẹ fi téèpù dì í mú títí di ọjọ́ kejì. Ní etíkun, gọ́ọ̀mù funfun máa ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Fún àwọn fèrèsé róbótó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akérò, gọ́ọ̀mù yìí nìkan lè di fèrèsé: bí wọ́n bá fi igi ìtayín fà á yí ihò kékeré ká, yóò ta bo ojú ihò náà, yóò sì mọ́ gaara tó bá gbẹ.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò lágbára púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le jù lè lo gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì, tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó gan.

Bó bá ti funfun ńkọ́?

Bí kò bá tíì pọ̀, aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ lè mú un kúrò, bí wọ́n bá rọra fi yí i ká. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ kàn án ni asitóònù, èyí tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná. Òótọ́ ni pé ó ń yọ́ súpà gúlù, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ ike polystyrene náà pẹ̀lú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àwòṣe nìkan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi súpà gúlù tún awò ojú tó kán ṣe. Èéfín kan náà lè bo awò náà, asitóònù sì lè ba irú awò oníke kan jẹ́ pátápátá. Ó sàn kí wọ́n yọ awò kúrò lára férémù kí wọ́n tó kán gọ́ọ̀mù sí i.

Ewu tó ju èyí lọ wà. Ìgò kékeré súpà gúlù jọ ti oògùn ojú, àwọn kan sì ti ṣèèṣì kán an sójú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi ipá ya ìpéǹpéjú; ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi òwú nu súpà gúlù tó dà sílẹ̀, nítorí méjèèjì lè gbóná débi tí yóò jó ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ ṣí fèrèsé ilé sílẹ̀ bí ẹ bá ń lò ó, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o.