“Lè”, “Mọ̀” àti “Gbọ́dọ̀”: Ọ̀rọ̀ Agbára, Ìyọ̀ǹda àti Dandan nínú Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkòsì

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn ni ó ṣòro jù lọ fún ẹni tí ó ń kọ́ èdè àjòjì. Orúkọ ohun kì í pẹ́ yé ènìyàn, nítorí pé a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun náà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ṣeé fi ọwọ́ tọ́ka sí, tí wọ́n ń sọ bóyá agbára wà, bóyá àyè wà, tàbí bóyá dandan ni, àwọn gan-an ni wọ́n ń mú àṣìgbọ́ wá. Irú wọn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni “can”, “may”, “must”, “should” àti “shall”.

Ìkòsì tí ó wà ní Kosofe ní Ìpínlẹ̀ Èkó dára fún àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí. Ọjà ńlá Mile 12, níbi tí tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ti ń wọ Èkó láti ọ̀nà jíjìn, kò jìnnà sí ojúlé àwọn ará ibẹ̀. Ẹnu ọjà ń sọ Yorùbá, Hausa, Ígbò àti Pijin. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé àdéhùn, ìkìlọ̀ ara páálí oògùn àti ìdánwò ọmọ ilé-ìwé. Bí ẹnì kan bá ṣi “may” kà sí “must”, ó lè san owó tí kò jẹ. Bí ó bá ṣi “must not” kà, ó lè fi ara rẹ̀ wewu.

Agbára

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ń lo ẹyọ kan. Bí a bá wí pé ọkùnrin kan “mọ ilù lù”, a ń sọ pé ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ti yè é. Bí a bá wí pé ó “lè lu ìlù”, a ń sọ pé ipá rẹ̀ gbé e, tàbí pé kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́. Nítorí náà kò sí ìtakora bí a bá sọ pé ó mọ ilù lù ṣùgbọ́n kò lè lù ú lónìí, nítorí pé ọwọ́ ń dùn ún. Gẹ̀ẹ́sì a fi “can” sọ méjèèjì.

Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí pé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò jìnnà sí tiwa. “Can” wá láti inú “cunnan”, èyí tí ó túmọ̀ sí “mọ̀” láyé ọjọ́un. Ìbátan “know” ni. “May” ni ó ń sọ nípa ipá nígbà náà, láti inú “magan”. Ìmọ̀ ti gba ipò ipá, ipá sì ti ṣí lọ sí ibi ìyọ̀ǹda. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Kétu ti ilẹ̀ Benin, tí wọ́n ń kọ́ Faransé, kò bá irú ìṣòro yìí pàdé, nítorí pé “savoir” dúró fún “mọ̀”, “pouvoir” sì dúró fún “lè”. Pijin tí à ń sọ ní Mile 12 pàápàá kò da méjèèjì pọ̀: “sabi”, tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Pọtogí wá, ni “mọ̀”, “fit” sì ni “lè”. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ya ọ̀nà tirẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni kò gbọ́n.

Ìyọ̀ǹda

“Ó lè lọ” ní ìtumọ̀ mẹ́ta lẹ́nu Yorùbá: pé ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó láti lọ, pé a ti fún un láyè, àti pé bóyá yóò lọ, bóyá kò ní lọ. Gẹ̀ẹ́sì pín wọn lọ́nà mìíràn. “Can” gba agbára, ó sì tún gba ìyọ̀ǹda nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́; “may” gba ìyọ̀ǹda tí ó ní ọ̀wọ̀, ó sì gba “bóyá” pẹ̀lú. Nígbà tí a bá kọ ọ́ sí ara páálí oògùn pé oògùn náà “may” fa oorun, kì í ṣe pé a fún oògùn ní àṣẹ. Ewu tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni a ń sọ, kí ẹni tí ó fẹ́ wa ọkọ̀ tètè mọ ohun tí yóò ṣe.

Ìbéèrè ìyọ̀ǹda ni ó ya èdè méjèèjì sọ́tọ̀ jù. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé kì í dúró níwájú àgbà kí ó máa béèrè bóyá òun “lè” wọlé. “Àgò o!” ni yóò kọ́kọ́ ké, tàbí kí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé kí n wọlé?” “Kí n” yìí ni ó ń fi ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ àgbà, kí àgbà fúnra rẹ̀ pàṣẹ. Pijin mú un lò tààrà: “Make I enter?” ni wọ́n ń wí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ sọ èyí ní Gẹ̀ẹ́sì yóò lo “May I come in?”

Ìdí mìíràn tún wà tí ọmọ Yorùbá fi ń dà bí aláìlọ́wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí kò ní àfojúdi lọ́kàn. Inú arọ́pò-orúkọ ni Yorùbá kó ọ̀wọ̀ sí: “ẹ” fún àgbà, “o” fún ẹgbẹ́ ẹni. “You” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní, fún ọba àti fún ìkókó. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé ọ̀wọ̀ lọ sí ibòmíràn: “can you” di “could you”, “will you” di “would you”. Ẹni tí ó bá wá “ẹ” nínú Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí i, kí ó wá a lọ sí inú “could” àti “would”. Ibẹ̀ ni ó fara pamọ́ sí.

Dandan

Ìpele mẹ́ta ni ó wà níhìn-ín. “Ó yẹ kí o kí bàbá” sọ ohun tí ó bá ìwà mu. “Should” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. “O ní láti san owó náà” ń tọ́ka sí ipò tàbí òfin tí ó mú ọ̀ràn wá. “Have to” ni. “O gbọ́dọ̀ san án” ni ó le jù; “must” ni. Ṣùgbọ́n “gbọ́dọ̀” ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò sí nínú “must”, èyí ni ìgboyà láti ṣe ohun tí a kò retí: “Ta ni ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan án?” Ẹni tí ó bá fi “must” túmọ̀ ìbéèrè yìí ti sọ ọ́ nù, “dare” ni ó tọ́.

Níbi ìyísódì ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Nínú kíláàsì, a sábà máa ń kọ́ ọmọ pé ọ̀kan náà ni “must” àti “have to”. Òtítọ́ ni títí a ó fi yí wọn sódì. “You must not pay today” jẹ́ èèwọ̀: o kò gbọdọ̀ san án lónìí. “You do not have to pay today” kì í ṣe èèwọ̀ rárá: kò pọn dandan kí o san án lónìí, bí ó bá wù ọ́, san án. Bí oníbàárà kan bá fẹ́ sọ fún alálùbọ́sà ní Mile 12 pé kò pọn dandan kí ó kó ọjà wá lọ́la, tí ó wá kọ “must not”, ọkọ̀ tí ì bá gbéra kò ní gbéra mọ́. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Yorùbá ti pín “kò gbọdọ̀” àti “kò pọn dandan” níyà fún wa. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kò ní ṣe wàhálà púpọ̀.

“Shall” àti “May” nínú Òfin

Nínú ìwé òfin, “shall” kì í ṣe “yóò” lásán, dandan ni. Abala 97 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi èyí hàn kedere. Ó fi “shall” sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ yóò fi máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi “may” sọ pé Ilé náà lè fi èdè mìíràn tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un bí wọ́n bá fi ìpinnu fọwọ́ sí i. Dandan ni ti Gẹ̀ẹ́sì; ìyọ̀ǹda ni ti Yorùbá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ti lo ìyọ̀ǹda náà, ó sì ti fi Yorùbá jókòó; ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ “shall” àti “may” lè ka abala yẹn kí ó má mọ ibi tí a fi èdè rẹ̀ sí.

Bí a ṣe lè fi wọ́n dánra wò

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboyà. “Lè” kì í yí padà: mo lè, ó lè, wọ́n lè. Bẹ́ẹ̀ náà ni “can”: kò sí “he cans”. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì ń tẹ̀lé e tààrà láìsí “to” láàárín, bí “lọ” ṣe ń tẹ̀lé “lè”.

Ìdánrawò tí ó dára jù ni èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ọmọ mọ̀. Kí olùkọ́ mú iṣẹ́ kan tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́, bíi ríru ẹrù tàbí wíwọ bọ́ọ̀sì láti Mile 12, kí ó sì ní kí ọmọ sọ gbólóhùn márùn-ún lórí rẹ̀ ní Yorùbá: ti mọ̀, ti lè, ti “ṣé kí n”, ti kò gbọdọ̀, àti ti kò pọn dandan. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì. Nínú iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ tí ó bá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òun mọ̀, ohun tí a yọ̀ǹda fún òun, àti ohun tí ó di dandan, ti ní ìmọ̀ náà ní èdè ìyá rẹ̀ kí ó tó dé ilé-ìwé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ́ bá ìmọ̀ náà.