Ọkọ̀ Ojú-Sánmà inú Sinimá àti Ṣíṣe Ẹ̀dà Rẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Kò sí ìlú tàbí abúlé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọdé kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi agolo ṣe ọkọ̀. Yálà ní Ìgbayè ni o, tàbí ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ọmọ tí ó bá rí agolo mílíìkì mélòó kan, wáyà díẹ̀ àti sílípáàsì tí ó ti gbó, yóò wá ọgbọ́n tí yóò fi ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tí ó jọ èyí tí ó rí lójú títì. Ohun méjì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́jọ́. Èkíní ni pé: ṣé ó jọ ọ́? Èkejì, tí ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé: ṣé yóò yí bí wọ́n bá fi okùn fà á? Èyí tí ó jọ ọkọ̀ ṣùgbọ́n tí kò yí, ère lásán ni. Ìbéèrè méjèèjì yìí náà ni ó wà nídìí iṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe káàkiri ayé lónìí, tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ sì ń wò bí ìfàkókòṣòfò. Iṣẹ́ náà ni ṣíṣe ẹ̀dà àwọn ọkọ̀ ojú-sánmà tí ó wà nínú sinimá àti nínú ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì.

Eré orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń yìnbọn lu ara wọn. Eré tí ń sín ìrìn-àjò ojú-sánmà jẹ ni, pẹ̀lú gbogbo ìnira rẹ̀. Méjì nínú wọn gbajúmọ̀. Ọ̀kan ni Orbiter, tí Martin Schweiger gbé jáde ní ọdún 2000 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkejì ni Kerbal Space Program, tí Felipe Falanghe pilẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Squad ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ọdún 2011 ni ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, ọdún 2015 ni wọ́n sì kéde pé ó pé. Nínú Kerbal, ẹni tí ń ṣeré yóò ṣa tánkì epo, ẹ́ńjìnnì, ìyẹ́, ẹsẹ̀ àti yàrá awakọ̀, yóò tò wọ́n pọ̀ bí ó ti wù ú, yóò sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò ìwúwo ọkọ̀, agbára tí ń tì í, afẹ́fẹ́ tí ń dènà rẹ̀ àti agbára òòfà ilẹ̀. Èyí tí yóò bá já lulẹ̀, yóò já lulẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìṣirò náà ṣe ń bá ẹwà jà, kí ó wo ọkọ̀ Enterprise. Òun ni ọkọ̀ inú Star Trek, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966. Iwájú rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí àwo ńlá. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni òpó méjì ti yọ sókè, tí ẹ́ńjìnnì gbọọrọ méjì sì wà lórí wọn. Ó dára lójú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá to ẹ̀dà rẹ̀, tí ó sì fi ẹ́ńjìnnì sí ibi tí sinimá fi í sí gẹ́lẹ́, yóò rí i pé bí iná bá ti sọ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì náà, ńṣe ni imú ọkọ̀ yóò dojú kọlẹ̀, tí yóò sì máa ta òkìtì. Ìdí rẹ̀ ni pé àárín ìwúwo ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, agbára tí ń tì í sì wà lókè. Ẹni tí ó bá ti ti ọmọlanke rí mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi agbára sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, yíyí ni yóò máa yí, kò ní lọ tààrà. Kerbal tilẹ̀ ní àmì fún un: bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè ń fi àárín ìwúwo hàn, òmíràn tí ó ní àwọ̀ àlùkò sì ń fi ibi tí agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà hàn. Títí ìlà agbára yóò fi gba àárín ìwúwo kọjá, kò sí ìsinmi. Àwọn kan a fi ẹ́ńjìnnì kékeré pamọ́ sínú ikùn ọkọ̀. Àwọn mìíràn a kó tánkì tí ó wúwo sínú òpó òkè kí àárín ìwúwo lè gòkè lọ bá ẹ́ńjìnnì. (Kí ó má di pé wọ́n purọ́ mọ́ àwọn tí ó ya Enterprise: nínú ìtàn tiwọn, kì í ṣe iná ni ó ń ti ọkọ̀ náà rárá.)

Ọkọ̀ Eagle inú eré Space: 1999, tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàrin ọdún 1975 sí 1977, tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Brian Johnson tí ó ya ọkọ̀ náà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ hun egungun rẹ̀, ó sì ṣe yàrá àárín rẹ̀ ní èyí tí ó ṣeé yọ bí ẹrù ọkọ̀. Ó wu àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà nítorí pé ó jọ ohun tí ènìyàn lè ṣe ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ náà balẹ̀ sórí òṣùpá, kí wọ́n yọ yàrá àárín náà sílẹ̀, kí ó sì fẹ́ gbéra padà: ẹ́ńjìnnì ńlá ìdí rẹ̀ ti fa àárín ìwúwo sẹ́yìn, àwọn ẹ́ńjìnnì abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ̀. Ìdí á wálẹ̀, imú á gòkè, ọkọ̀ á dojú dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó fò ní ọ̀nà méjèèjì, pẹ̀lú ẹrù àti láìsí ẹrù, gbọ́dọ̀ jókòó ti pẹ́ńsù àti ìwé. Ibẹ̀ ni eré ti ń di iṣẹ́.

Nígbà mìíràn, onísinimá mọ òtítọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ Discovery inú 2001: A Space Odyssey, sinimá tí Stanley Kubrick ṣe ní ọdún 1968, agbára átọ́ọ̀mù ni wọ́n ní ó ń lò. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń gbóná gan-an. Àmàlà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ilé a máa tutù nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbé ooru rẹ̀ lọ. Lókè sánmà tí afẹ́fẹ́ kò sí, àfi kí ooru máa tàn jáde fúnra rẹ̀ láti ara irin tí ó fẹ̀. Arthur C. Clarke, tí ó bá Kubrick kọ ìtàn náà, mọ̀ pé ó yẹ kí Discovery ní irú irin pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú sinimá nítorí pé ó jọ ìyẹ́, àwọn òǹwòran yóò sì máa béèrè ohun tí ọkọ̀ ojú-sánmà ń fi ìyẹ́ ṣe. Nítorí náà, ẹ̀dà Discovery tí ó bá bá sinimá mu pátápátá kò pé gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀. Èwo ni kí ẹni tí ń tò ó yàn? Èyí tí ó ní irin pẹlẹbẹ náà ni ó sàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùfẹ́ sinimá yóò bínú.

Ọ̀rọ̀ epo ni ó wá le jù. Konstantin Tsiolkovsky, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Kaluga ní Rọ́ṣíà, ni ó tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 1903. Bí èéfín bá ń tú jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì ní ìyára mítà 3,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ọkọ̀ sì nílò agbára tí ó tó mítà 9,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó lè máa yí ayé po, ìwúwo rẹ̀ nígbà tí ó bá gbéra gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 23 ìwúwo rẹ̀ nígbà tí epo bá tán. Nínú kílò 23, kílò 22 jẹ́ epo. Kílò kan tí ó ṣẹ́kù ni ẹ́ńjìnnì, tánkì, ènìyàn àti oúnjẹ yóò pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V tí ó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969 tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2,900 nígbà tí ó ń gbéra. Ohun tí ó padà bọ̀ sínú òkun kò tó tọ́ọ̀nù 6. Ìdí nìyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin gbéra ní Òṣogbo pẹ̀lú tánkì epo méjì lẹ́yìn, ó já ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìkìrun, ó já ìkejì ní Òkukù, tí ó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ni ó wọ Ọ̀fà.

Ọkọ̀ inú sinimá kì í já ohunkóhun sílẹ̀. X-wing inú Star Wars ti ọdún 1977 a gbéra nílẹ̀, a jà lókè, a sì padà wálé pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀dà X-wing ń fò nínú Kerbal. Ọgbọ́n wo ni? Ayé inú eré náà kéré. Láti àárín rẹ̀ dé ojú ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 600 péré, nígbà tí ti ayé wa tó 6,371. Nǹkan bí mítà 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó láti yí i po. Bí ẹ́ńjìnnì kan náà bá ń ṣiṣẹ́, kílò méjì nínú mẹ́ta péré ni yóò jẹ́ epo. Ó yẹ kí olùkọ́ tí yóò lo eré yìí sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà rò pé sinimá ti jàre. Àfikún kan tí wọ́n ń pè ní Real Solar System wà tí ó ń sọ ayé kékeré náà di ayé gidi, ayé inú Orbiter sì ti jẹ́ gidi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà X-wing tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju èyí lọ kò ní lè dé òkè nínú ìwọ̀nyẹn.

Àwọn kan á ní ọ̀nà àbùjá wà. Òótọ́ ni: Kerbal ní ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ kí epo má tán mọ́, tàbí kí ẹ̀yà ọkọ̀ má fọ́. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kò ṣẹ̀, bí ó bá ti mọ̀ pé ère ni òun ń gbẹ́. Iṣẹ́ ọnà sì ni ère. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ físíìsì fún un ní máàkì kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gé ìyẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kúrú, tí ó yí ibi tí tánkì wà padà, tí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé tí ọmọ náà kọ yẹn ni ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ ju àwòrán ọkọ̀ lọ.

Ohun tí àwọn ará ilẹ̀ yìí ṣe ní tòótọ́ kò sì jọ ọkọ̀ sinimá rárá. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ bá Kyushu Institute of Technology ní Jàpáànì ṣe sátẹ́láìtì NigeriaEduSat-1, ọ̀kan nínú márùn-ún tí orílẹ̀-èdè márùn-ún jọ ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e kúrò ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ni wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti ibùdó àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lókè sánmà. Àpótí kékeré ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, 10 ní gíga. Kò ní ìyẹ́, kò ní imú ṣóńṣó, nítorí pé níbi tí ó ti rìn, nǹkan bí kìlómítà 400 lókè, afẹ́fẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò tó ohun tí ìyẹ́ lè fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí àpótí náà ṣì wà lókè, bí ọkọ̀ akérò bá fi 20 ìṣẹ́jú ti Ìkìrun dé Òkukù, ó ti rin ohun tí ó lé ní kìlómítà 9,000. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè to irú rẹ̀ nínú Kerbal láàrin wákàtí kan. Kò ní jọ ẹnikẹ́ni lójú, yóò sì ṣiṣẹ́.

Ó ku iṣẹ́ kan tí ó le ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè dán wò. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé rẹ̀ Rosewater gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ọdún 2019, tẹ ìwé Far from the Light of Heaven jáde ní ọdún 2021. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ragtime wà nínú rẹ̀. Kò sí sinimá tí ó ti fi bí Ragtime ṣe rí hàn, ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni ó wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ to ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á, kí ó ṣa gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa yàrá, ẹ̀rọ àti àwọn èrò inú ọkọ̀, kí ó sì fi ìṣirò di àlàfo tí ó kù. Kíláàsì tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ pàápàá lè pín iṣẹ́ náà: kí àwọn kan ka ìwé, kí àwọn kan ṣírò ìwúwo àti epo lórí pátákó, kí iná mànàmáná tó dé. Bí iná bá ti dé, kí wọ́n to ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì wò ó bí yóò ti gbéra.