Ibi Tí Ìgbì Òkun Èkó Ti Ń Wá

Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọjọ́ kan máa ń wà tí atẹ́gùn ń fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní etí òkun Èkó, tí ìjì kankan kò sí lójú ọ̀run, síbẹ̀ tí òkun á máa ru, tí omi á sì gun iyanrìn dé ibi tí kò ti dé láti ọjọ́ pípẹ́. Àárín àsìkò yìí gan-an, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ni omi òkun ya wọ Kúrámò ní Victoria Island, tó gbé ahéré lọ, tó sì gbé ẹ̀mí lọ. Ẹni tó bá gbọ́ nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ pé atẹ́gùn kò ní ju nọ́ọ̀tì 10 lọ (nọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n ìyára tí àwọn atukọ̀ òkun ń lò) lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, nígbà tó bá rí irú òkun bẹ́ẹ̀. Wọn kò purọ́. Atẹ́gùn Èkó kọ́ ló bí ìgbì náà.

Atẹ́gùn ló ń bí ìgbì. Bí ìgbì yóò ṣe tóbi tó wà lọ́wọ́ bí atẹ́gùn ṣe le tó, bó ṣe pẹ́ tó lórí omi, àti bí omi tó ń fẹ́ lé lórí ṣe gùn tó. Ní òkun tiwa yìí, láti Ghana dé Kamẹrúùnù, atẹ́gùn láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló wọ́pọ̀, kì í sì í le, nítorí náà ìgbì tó ń dá fúnra rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ sí gúúsù pátápátá, láàárín ìwọ̀n dígírì 40 sí 60 ní ìsàlẹ̀ ìlà agbedeméjì ayé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ tó lè dènà atẹ́gùn. Ìjì ń tẹ̀lé ìjì níbẹ̀, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, yípo ayé. Ìgbà òtútù ibẹ̀ ló máa ń burú jù, ìgbà òtútù ibẹ̀ náà sì ni ìgbà òjò tiwa.

Ìgbì tó bá kúrò nínú ìjì bẹ́ẹ̀ kò ní kú síbẹ̀. Ó lè rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó rí ilẹ̀ tí yóò fọ́ lù. Bó ṣe ń yára tó wà lọ́wọ́ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé létí òkun mọ̀: àlàfo. Tí orí ìgbì kan bá kọjá níwájú rẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí orí ìgbì tó tẹ̀lé e yóò fi kọjá. Iye tí o kà ni àlàfo náà. Nínú òkun jíjìn, sọ ọ́ di ìlọ́po kan ààbọ̀, o ti mọ iye nọ́ọ̀tì tí agbára ìgbì yẹn fi ń rìn. Ìgbì tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 16 ń rin nọ́ọ̀tì 24, ìyẹn ju kìlómítà 1,000 lọ lóòjọ́. Láti ibi tí àwọn ìjì yẹn ti ń jà dé Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 6,000, nítorí náà á dé láàárín ọjọ́ 5 sí 6. Èyí tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 12 á lò ju ọjọ́ 7 lọ. Wọ́n dà bí àwọn ará oko tó jọ gbéra lọ sọ́jà ní ìdájí: ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni yóò kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbì díẹ̀ tí kò ga, tí wọ́n jìnnà síra, ni àmì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní kà wọ́n sí.

Walter Munk, onímọ̀ nípa òkun ní Amẹ́ríkà, fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní ọdún 1963. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ káàkiri òkun Pàsífíìkì, láti New Zealand, gba Samoa àti Hawaii, dé Alaska, wọ́n sì tọpasẹ̀ ìgbì tí ìjì bí nítòsí Antarctica títí ó fi gúnlẹ̀ sí Alaska, ìrìn tó ju kìlómítà 10,000 lọ. Kó tó dìgbà yẹn, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti ọ̀gá rẹ̀, Harald Sverdrup, ti ṣètò bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbì tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fẹ́ gúnlẹ̀ sí etíkun.

Iṣẹ́ ogun yẹn ni ìwọ̀n gíga ìgbì tí àsọtẹ́lẹ̀ ń lò lónìí ti wá. Tí wọ́n bá ní ìgbì yóò ga ní mítà 2, kì í ṣe èyí tó ga jù ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mú ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù nínú gbogbo ìgbì, wọ́n wá wo ibi tí gíga wọn dọ́gba sí. Láàárín wákàtí mélòó kan, ìgbì kan lè yọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4, àsọtẹ́lẹ̀ náà kò sì ṣì.

Gíga nìkan kò tó. Mú ìgbì méjì tí àwọn méjèèjì ga ní mítà 1.5 láàárín agbami. Àlàfo ọ̀kan jẹ́ 6, ti èkejì jẹ́ 16. Èyí àkọ́kọ́ kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ òun títí omi yóò fi jìn tó nǹkan bíi mítà 28. Èkejì ti ń fara kan ilẹ̀ láti ibi tí omi ti jìn tó mítà 200. Bí ó bá ti ń bọ̀, ìsàlẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, orí ń ga sí i. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọn yóò ti fọ́, ti àkọ́kọ́ kò ní ju nǹkan bíi mítà 1.7 lọ, ti èkejì lè tó 2.5, agbára tó gbé wá sì ju ìlọ́po méjì ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Tó bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí òṣùpá lé tuntun tàbí tó yọ kíkún, tí omi òkun ti kún jù ti tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń wọ ilé onílé.

Àwọn tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ rí ìgbì yìí kí ó tó dé. Sátẹ́láìtì ń ju ìtànṣán rédíò sí ojú òkun, ó ń fi bó ṣe padà wá wọn gíga ìgbì. Òmíràn ń wo bí ojú omi ṣe rí gbágungbàgun láti fi mọ bí atẹ́gùn ṣe le tó. Láti ọdún 1997 ni Bràsíl, Faransé àti Amẹ́ríkà ti fi ìdákọ̀ró de àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó mọ́lẹ̀ láàárín òkun Àtìláńtíìkì ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n ń wọn atẹ́gùn, òjò àti bí omi ṣe gbóná tó. Kọ̀ǹpútà ló ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lábẹ́ ètò ààbò àwọn ọkọ̀ ojú òkun, wọ́n pín òkun ayé sí àgbègbè 21: Faransé ló ń kéde fún àgbègbè tí omi tiwa wà, South Africa ló ń ṣọ́ èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí púpọ̀ nínú ìgbì wa ti ń wá. Ní Nàìjíríà, NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, náà ń sọ tẹ́lẹ̀ fún etíkun wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé èyí tó jìnnà dá wọn lójú ju èyí tó wà nítòsí lọ. Wọ́n lè mọ ìgbì ní ọjọ́ 5 ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù òjò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìgbà òjò kì í fún wọn ju wákàtí mélòó kan lọ. Láti ìlà-oòrùn ni òjò yẹn ti ń ṣú wá. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dákẹ́, ooru á mú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù á já lu omi, ó sì lè ju nọ́ọ̀tì 40 lọ kó tó rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan. Fún ọkọ̀ apẹja, òun ló léwu jù láàárín agbami, bí ìgbì ọ̀nà jíjìn ṣe léwu jù ní etíkun. Ìjì ńlá bíi ti Karíbíánì kò sí nínú òkun tiwa, torí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù kí atẹ́gùn tó lè yí po. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọjá sórí omi nítòsí Dakar.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí rédíò tó ń ka ojú ọjọ́ fún àwọn ará Ìlàjẹ, Àgbádárìgì àti Lẹ́kì máa ka gíga ìgbì, àlàfo rẹ̀ àti ibi tó ti ń bọ̀, ní èdè Yorùbá, ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó dé. Tí àlàfo bá ti kọjá 14 láti gúúsù, kí wọ́n fa ọkọ̀ jìnnà sí omi, kí ọmọdé má sì wọ òkun rárá, bó ti wù kó parọ́rọ́ tó. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni irú ìgbì yìí máa ń wá: àwọn ńlá mélòó kan á tẹ̀lé ara wọn, òkun á sì rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ̀wọ́ mìíràn tó dé. Ìgbà tó rọlẹ̀ yẹn ni àwọn èèyàn máa ń wọ inú rẹ̀.