Báwo ló ṣe yẹ kí ẹ to táìsì ògiri ilé ìdáná tí gíránáìtì bá ti wà lórí kántà?

Bí èèyàn bá dúró níwájú ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Makola, nílùú Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí bí àwọn obìnrin ṣe ń yan aṣọ. Oníbàárà á tẹ́ àǹkárá tó gbé wá láti ilé sórí àtẹ, á gbé aṣọ mìíràn lé e, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á sì wò ó dáadáa. Bí àǹkárá náà bá ti kún fún òdòdó àti oríṣiríṣi àwọ̀, aṣọ aláwọ̀ kan ni ìyá aláṣọ máa nawọ́ sí láti fi bá a lọ. Wọ́n mọ̀ pé aṣọ méjì tó jọ ń pariwo kì í gbé ara wọn yọ.

Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé tó bá kan ilé ìdáná. Wọ́n á ra gíránáìtì aláràbarà sórí kántà, wọ́n á tún ra táìsì aláràbarà fún ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ojú kò ní mọ ibi tí yóò sinmi lé.

Aṣọ tí kò bá ara mu ṣeé ká sínú àpótí. Ògiri ò ṣeé ká. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ táìsì tó ti gbẹ mọ́ ògiri yóò sanwó ìfọ́, yóò ra táìsì mìíràn, yóò sì tún sanwó oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọlọ́jà Makola gan-an mọ ohun tí àtúnkọ́ túmọ̀ sí. Ọdún 1924 ni wọ́n ṣí ọjà náà, ìjọba ológun Jerry Rawlings sì wó Makola No. 1 lulẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979. Ọrọ̀ ajé ṣì ń lọ ní àdúgbò náà dòní, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n pàdánù lọ́jọ́ náà kò kéré.

Kí ló wá yẹ kí ẹni tó ń ṣe ilé ìdáná mọ̀ kó tó náwó?

Gíránáìtì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn

Nínú ohun méjèèjì, gíránáìtì ló wọ́n jù, òun náà ni àṣàyàn rẹ̀ kéré jù. Táìsì tí èèyàn lè rí rà pọ̀ lọ jàra, àmọ́ òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ àti iṣan tirẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ ra òkúta kí ẹ tó wá táìsì.

Gíránáìtì jẹ́ òkúta tó ti yọ́ rí nísàlẹ̀ ilẹ̀, tó sì tutù díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bó ṣe ń tutù ni àwọn èròjà inú rẹ̀ ń dì, tí ojú sì lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló fà á tí àmì wínníwínní dúdú, funfun àti pupa fi máa ń wà lára rẹ̀. Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta jẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣòwò máa ń pe àwọn òkúta líle mìíràn náà ní gíránáìtì. Black Galaxy tó ń wá láti India, àti Blue Pearl tó ń wá láti Norway, kì í ṣe gíránáìtì lójú onímọ̀ nípa òkúta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lórí kántà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè pín gbogbo wọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ojú rẹ̀ tutù, bíi dúdú tí kò ní àmì púpọ̀. Ìkejì ni èyí tó ní àmì wínníwínní káàkiri ara rẹ̀. Ìkẹta ni èyí tó ní iṣan ńlá tó ń ṣàn láti igun kan dé ìkejì bí odò.

Bí òkúta náà bá ṣe ń pariwo tó ni kí ògiri ṣe dákẹ́ tó. Tó bá jẹ́ onísàn ńlá, táìsì ńlá aláwọ̀ kan, tí wọ́n tò ní tààrà, ló bá a mu jù. Tó bá jẹ́ alámì wínníwínní, ẹ lè fi bí wọ́n ṣe to táìsì dárà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ dúdú tó tutù, ògiri lè gba ọnà tó wù yín.

Ní ti àwọ̀, ẹ má wulẹ̀ wo àwọ̀ tó pọ̀ jù lára òkúta náà. Ẹ wo èyí tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí gíránáìtì bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, tí àmì funfun bíi wàrà sì wà nínú rẹ̀, táìsì aláwọ̀ wàrà yóò jẹ́ kí méjèèjì dà bí ọmọ ìyá kan náà.

Ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n ń gbà to táìsì

Táìsì kan náà lè fún ilé ìdáná ní ìrísí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọwọ́ tí wọ́n fi tò ó bá yàtọ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nìwọ̀nyí:

Àkọ́kọ́ ni àtò tààrà, níbi tí gbogbo àlàfo ti bá ara wọn mu lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọrùn, kì í fi táìsì ṣòfò, kì í sì í bá gíránáìtì díje. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ògiri bá wọ́, gbogbo èèyàn ni yóò rí i.

Ìkejì ni àtò bíríkì, níbi tí àárín táìsì kan ti máa ń wà lórí àlàfo méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Táìsì funfun kékeré tí wọ́n fi ṣe ògiri ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nílùú New York, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1904, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Bó bá jẹ́ táìsì gígùn bíi ti 30 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ni ẹ rà, kí oníṣẹ́ sún un ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kó má ṣe jẹ́ ìdajì. Táìsì gígùn máa ń tẹ̀ díẹ̀ láàárín, tí ó bá sì jẹ́ ìdajì ni wọ́n sún un, etí ọ̀kan yóò yọ ju ti ìkejì lọ.

Ìkẹta ni àtò ìdúró, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé táìsì gígùn nàró. Ó máa ń jẹ́ kí ilé ìdáná tí òrùlé rẹ̀ kò ga dà bíi pé ó ga.

Ìkẹrin ni èyí tí wọ́n máa ń yí táìsì kí igun rẹ̀ kan kọjú sókè. Gbogbo etí ògiri ni wọ́n ti máa gé táìsì, nítorí náà òfò rẹ̀ pọ̀.

Ìkarùn-ún ni àtò eegun ẹja, níbi tí táìsì kan ti máa ń fi orí sọ ẹ̀gbẹ́ ìkejì, tí wọ́n á sì máa lọ ní kọ́lọkọ̀lọ bí eegun inú ẹja. Òun ló rẹwà jù lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, òun náà ló sì gba ọgbọ́n ọwọ́ jù.

Ilé-Ifẹ̀ ti mọ àtò eegun ẹja tipẹ́

Àwọn kan lè rò pé ìlú òyìnbó ni àtò eegun ẹja ti wá. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ti rí i ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá ti fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá wọn láti nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Wọ́n á gbé àfọ́kù náà nàró, wọ́n á tò wọ́n ní kọ́lọkọ̀lọ bí eegun ẹja, wọ́n sì máa ń fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ya ọnà sí àárín rẹ̀ nígbà mìíràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà. Wọ́n ti rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Benin Republic àti Togo pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé lónìí. Bí àtò àfọ́kù náà ṣe díjú tó, ohun kan náà ni wọ́n fi tò ó, àwọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Àtò ló ń dárà, àwọ̀ dákẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ eegun ẹja lẹ́yìn gíránáìtì, ẹ lo táìsì aláwọ̀ kan, kí ohun tí ẹ fi dí àlàfo sì jọ táìsì náà.

Ìṣirò tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri tó gùn ní mítà 3, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 60 láti orí kántà dé ìdí kábínẹ́ẹ̀tì òkè. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.8 mítà onígun mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ táìsì 30 sí 60 ni ẹ gbé nàró, táìsì 10 ni yóò kún un. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un nítorí èyí tó lè fọ́, kí ẹ ra 11.

Bó bá jẹ́ táìsì kékeré 7.5 sí 15 ni, 160 ni yóò kún ògiri kan náà. Fún àtò bíríkì, ẹ ra bíi 176. Fún eegun ẹja, tí gígé rẹ̀ pọ̀, òfò lè tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹ ra bíi 192.

Àlàfo náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ní ti táìsì ńlá mẹ́wàá yẹn, àlàfo mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín wọn, tí gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5.4. Ti táìsì kékeré yóò tó bíi mítà 32. Gbogbo mítà yẹn ni ẹnì kan máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀.

Epo pupa, ata àti òógùn ìkòkò

Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń din dòdò, tí wọ́n ti ń ro ọkà àti banku, tí epo pupa sì ń ta jáde nínú ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí èèyàn ń rí nínú àwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí epo ti ń bàjẹ́ jù ni àlàfo, nítorí pé sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń dí i máa ń fa epo mu. Táìsì dídán kì í fà á.

Nítorí náà, ẹ fi táìsì tí ojú rẹ̀ ń dán, tí àlàfo rẹ̀ sì kéré, sí ẹ̀yìn ààrò gáàsì. Bí ẹ bá fẹ́ ọnà, ẹ fi sí apá ibi tí wọn kì í ti dáná. Ẹ lè lo àwọ̀ eérú dípò funfun fún àlàfo, tàbí kí ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n fi epoxy ṣe, tí epo kì í wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ pọ̀ jù.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún mábù lẹ́yìn kántà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì máa ń jẹ ojú rẹ̀. Gíránáìtì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè fa epo mu. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i lára, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣú, ó nílò òróró ìdáàbòbò tí wọ́n ń fi pa á.

Kí ẹ tó sanwó

- Ẹ gba àfọ́kù gíránáìtì yín lọ́wọ́ ẹni tó gé e, kí ẹ sì gbé e lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Àwòrán inú fóònù máa ń parọ́ àwọ̀.

- Ẹ gbé táìsì kan tàbí méjì wálé kí ẹ tó ra gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó lójú oòrùn, kí ẹ tún wò ó lábẹ́ iná ilé ìdáná lálẹ́.

- Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí sì bára mu. Ìbáà ṣe ilé iṣẹ́ tó wà ní Shama ní Ghana, tàbí ti Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tàbí ti China ló ṣe é, èyí tí wọ́n sun lóṣù yìí lè má jọ ti oṣù tó ń bọ̀.

- Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gíránáìtì sórí kántà kí wọ́n tó lẹ táìsì, kí táìsì lè jókòó lé e lórí dáadáa.

- Níbi tí táìsì ti pàdé òkúta, kí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù dí i, kó má jẹ́ sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì máa ń sán níbẹ̀, omi á sì gbabẹ̀ wọlé.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí oníṣẹ́ tó po sìmẹ́ńtì, ẹ ní kó to táìsì náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé àfọ́kù gíránáìtì sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ sì wò ó, bí oníbàárà ṣe ń wo aṣọ lórí àtẹ ní Makola. Bí ojú yín bá rí ibi sinmi lé, ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá rí, ẹ tún un tò, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ṣì wà.